Ilé Tí A Wò Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ọkùnrin kan wà ní Abẹ́òkúta tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún fíríìjì ṣe. Ó tún máa ń ta fíríìjì tòkunbọ̀, kò sì sí ẹni tó lè rẹ́ ẹ jẹ nídìí ọjà náà. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan wá fún un, bó ti wù kó máa dán tó, kò ní sọ̀rọ̀ iye. Yóò kọ́kọ́ tàn án, yóò fi etí lé ẹ̀yìn rẹ̀, yóò sì fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú. "Ọ̀dà kì í mú omi tutù," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.

Yàrá méjì ló háyà ní Ìtòkò, òun, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ wọn méjì, àti ìyá rẹ̀ tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ilé náà ti gbó. Òrùlé rẹ̀ ń jò, balùwẹ̀ kan ṣoṣo ni ìdílé mẹ́rin ń lò, onílé sì ń pariwo mọ́ wọn bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbé. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni ilé náà wà. Láàárọ̀, Ìyá á gbé àpótí rẹ̀ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa kọjá tí kò ní kí i. Ó mọ ẹni tó lóyún, ó mọ ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, ó mọ ọmọ tí kò lọ sílé ìwé lọ́jọ́ náà.

Onífíríìjì yìí ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó wù ú kí ìyá rẹ̀ rí ilé òun kó tó kú. Ta ni irú rẹ̀ kò wù?

Ní oṣù kìíní ọdún kan, ó lọ wo ẹ̀sítéètì tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí ẹ̀yìn ìlú. Ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ gbẹ, ọ̀nà pupa tó wọbẹ̀ le gbagidi. Ilé tí wọ́n fi hàn án funfun báláú, táìlì rẹ̀ ń dán, omi ń tú yàà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ọkùnrin tó ń ta ilé náà tẹ́ àwòrán kan sílẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka sí i: ilé ìwé rèé, ilé ìwòsàn rèé, gbogbo ọ̀nà yìí la máa da ọ̀dà sí. Ibi tí ìka náà bá lọ ni ojú onífíríìjì ń bá a lọ. Ó rí ilé ìwé, ó rí ilé ìwòsàn. Kò fi etí lé ẹ̀yìn ohunkóhun.

Kó tó sanwó, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, pé kó wá bá òun yọ̀. Obìnrin náà rìn yí ilé náà ká. Ó dé ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ìlà kan tí omi fi sí ìdí ògiri.

"Níbo ni omi ń gbà lọ bí òjò bá rọ̀?"

"Wọ́n máa ṣe gọ́tà."

"Àwọn wo ló ti ń gbé ibí?"

"Wọ́n máa tó kó dé."

"Ta ni Ìyá á wá máa bá sọ̀rọ̀?"

Èyí ló bí onífíríìjì nínú. "Àǹtí mi, ilé ni mo ní kẹ́ ẹ wá wò. Ẹ ò rí ilé, gọ́tà lẹ rí. Àbí ẹ ò fẹ́ kí èmi náà ní tèmi ni?"

Obìnrin náà gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Mi ò ní kó o má rà á," ó wí. "Mo ní kó o wọ̀n ọ́n wò ni. Ẹrù téèyàn bá mọ bó ṣe wúwo tó, á mọ bí yóò ṣe rù ú. Èyí tí a kò gbé wò ló ń ṣẹ́ni lọ́rùn."

Ìlara ni àbúrò rẹ̀ gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó san owó ilé, ó fọwọ́ sí ìwé tí kò kà tán. Nígbà tí wọ́n ń ṣílé, kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Oṣù méjì àkọ́kọ́ dùn. Ariwo kò sí, onílé kò sí. Láàárọ̀ ni onífíríìjì á dìde, á kàn máa fọwọ́ pa ara ògiri, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

Òjò wá dé. Ọ̀nà tó le gbagidi yẹn di ẹrẹ̀ tó ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni. Ọlọ́kadà á já wọn sí títì, á ní òun ò wọlé. Ìdájí làwọn ọmọ ń jí kí wọ́n tó lè bá ilé ìwé wọn àtijọ́, nítorí pé ilé ìwé inú àwòrán, igbó ni. Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ló ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé fíríìjì méjì síwájú ilé láti tún wọn ṣe, àwọn aláṣẹ ẹ̀sítéètì kọ̀wé sí i pé wọn kò gba iṣẹ́ ọwọ́ láyè. Ó wá ìwé tó fọwọ́ sí jáde. Ó kà á. Ọ̀rọ̀ náà wà ní ojú ewé kẹrin.

Gbogbo ìyẹn, ó fara dà á. Ti ìyá rẹ̀ ni kò lè fara dà. Ìyá gbé àpótí rẹ̀ síwájú ilé bó ti máa ń ṣe, ó jókòó, kò sì sí ẹni tó kọjá. Ilé mẹ́fà ló wà ní ọ̀nà tiwọn. Yàtọ̀ sí tiwọn, ẹyọ kan péré ló ní èèyàn nínú, inú ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ dúdú làwọn yẹn sì ti ń jáde. Lọ́jọ́ kan ó pe ọmọ rẹ̀.

"Àdìgún, ṣé ọjọ́ Àìkú ni òní ni?"

"Rárá, Ìyá. Ọjọ́rú ni."

"Níbo làwọn èèyàn wá lọ?"

Lọ́jọ́ kejì ó tún bi í. Nígbà tó yá, kò bi í mọ́. Ó fi àpótí sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Oúnjẹ tó ń jẹ kò tó ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.

Inú bí onífíríìjì. Ó kọ ìwé ẹ̀sùn sí àwọn tó ta ilé fún un, ó ní wọ́n tan àwọn jẹ, ó sì múra láti gbé e kiri kí gbogbo onílé lè fọwọ́ sí i. Ọ̀sán ọjọ́ tó fẹ́ jáde ni ìyàwó rẹ̀ sáré wá bá a, kò wé gèlè, kò wọ bàtà.

"Bàbá wọn, Ìyá ò sí lórí bẹ́ẹ̀dì o!"

Wọ́n wá a lẹ́yìn ilé. Wọ́n wá a dé ẹnu géètì, ọlọ́dẹ ní òun ò rí i. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, kò sí ibi tí arúgbó lè gbẹ́sẹ̀ lé tí kò ní yọ̀. Ìyàwó ń sunkún. Onífíríìjì ń ké "Ìyá! Ìyá mi o!" láàárín àwọn ilé tí kò tíì ní fèrèsé, ohùn rẹ̀ nìkan ló sì ń dá a lóhùn. Nígbà náà ló rí ojú ẹsẹ̀ kékeré kan nínú ẹrẹ̀, tí ojú ọ̀pá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òkè ló forí lé.

Ilé tó kẹ́yìn lórí òkè náà jẹ́ ti agbẹ̀bí kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Kànga wà níwájú ilé yìí, àwọn bíríkìlà àti àwọn obìnrin tó ń gbé bíríkì fún wọn ló ń pọn omi níbẹ̀. Ìyá jókòó sáàárín wọn lórí bẹ́ǹṣì, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwọ yìí, ọmọ ta ni ọ́? Oyún yẹn ti tó oṣù mélòó?" Ó gbójú sókè, ó rí ọmọ rẹ̀. "Àdìgún! Èèyàn wà níbí o!"

Onífíríìjì lóṣòó sínú ẹrẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú.

Nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó kọjú sí agbẹ̀bí náà, ó yọ ìwé ẹ̀sùn lápò. "Ẹ ṣé púpọ̀, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fọwọ́ sí èyí. Gbogbo wa ni wọ́n tàn jẹ."

Agbẹ̀bí kà á tán, ó dá a padà fún un. "Ohun tí wọ́n ṣèlérí, ó yẹ kí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá kọ ìyẹn nìkan, màá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n wọn ò tan èmi jẹ. Oṣù keje ni mo wá wo ilé yìí, bàtà òjò ni mo wọ̀ wá. Àwọn bíríkìlà ni mo bi, torí àwọn ò ní ilé tí wọ́n ń tà. Wọ́n ní ọ̀nà á bàjẹ́, wọ́n ní ilé ìwé ò ní tètè dé, wọ́n ní ìsàlẹ̀ á máa gba omi. Mo lọ sílé, mo bi ara mi èwo ni mo lè fara dà nínú rẹ̀. Èyí tí mi ò lè fara dà ni àìrí èèyàn. Ọkọ mi ò sí mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú orí òkè, tí mo sì gbẹ́ kànga kí n tó kun ilé. Ẹni tó bá fẹ́ pọn omi á wá."

"Ẹrẹ̀ yìí ò wá dà yín láàmú ni?"

"Ó ń dà mí láàmú. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń bọ̀."

Onífíríìjì pọn ìyá rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ojú ọ̀nà ló ti mọ̀ pé ẹrẹ̀ kọ́ ló ń dun òun jù. Ohun tó ń dùn ún ni pé wọ́n ti sọ fún òun. Ìbéèrè mẹ́ta péré, láti ẹnu ẹni tó fẹ́ràn òun, òun sì pè é ní ìlara.

Ní ọjọ́ Sátidé ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Àǹtí mi, ẹ foríjì mí." Obìnrin náà kò rán an létí ohunkóhun. "Dìde," ó wí. "Ìyá ńkọ́?"

Wọ́n jọ jókòó, wọ́n wá ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe ṣáájú. Onífíríìjì gba ṣọ́ọ̀bù ní Ìtòkò. Ìyá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin láàárín ọ̀sẹ̀, níbi tí èèyàn ti ń kọjá, ó sì ń wá sí ẹ̀sítéètì ní òpin ọ̀sẹ̀. Wọn kò ta ilé náà. Òun àti agbẹ̀bí àti àwọn onílé díẹ̀ mìíràn kó òkúta dí ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ jù.

Ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé. Ọkùnrin tó ń ta ilé mú tọkọtaya kan wá wo ilé tó kọjú sí ti onífíríìjì. Ọmọ wà lẹ́yìn obìnrin náà.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá," obìnrin náà kúnlẹ̀. "Báwo ni ibí yìí ṣe rí?"

Ẹni tó ń ta ilé wo onífíríìjì lójú. Onífíríìjì wo ọmọ tó wà lẹ́yìn obìnrin náà. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ méjì péré, "Ó dára," ilé iwájú rẹ̀ á ní èèyàn, ọmọ á máa sunkún níbẹ̀, Ìyá á sì rí ẹni kí.

"Ilé náà dára," ó wí. "Afẹ́fẹ́ ibí dára, ẹnikẹ́ni ò ní lé yín jáde. Ṣùgbọ́n ẹ padà wá ní oṣù keje, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn wọlé láti títì. Ìwé tí wọ́n bá sì fún yín, ẹ kà á tán."

Ẹni tó ń ta ilé kò kí i mọ́ nígbà tí wọ́n ń lọ. Oṣù keje dé, tọkọtaya náà kò padà wá. Ilé iwájú onífíríìjì ṣófo fún odidi ọdún kan sí i. Kò kábàámọ̀ ohun tó sọ.

Ìwọ ni mo ń sọ ìtàn yìí fún, ìwọ tí o gbé ìwé ilé tuntun wá síwájú mi pé kí n gbàdúrà sí i; màá gbàdúrà. Ilé níní dára, mi ò sì ní kí ẹ̀rù dá ọ dúró. Ṣùgbọ́n àdúrà kì í la gọ́tà. Lọ wo àléébù ilé náà lójú nígbà tí kò tíì di tìrẹ. Bi ara rẹ pé èwo lo lè fara dà, kó o sì béèrè rẹ̀ ní ipò ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ nínú ilé rẹ. Bó o bá rí i pé apá rẹ ká a, rà á, má sì ráhùn. Ẹnì kan ti béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ nípa ilé yìí, ó sì bí ọ nínú. Mo mọ̀, torí kò sí ẹni tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí. Ká ìwé yìí padà ná. Lọ bá ẹni náà lónìí, kó o ní kó tún ìbéèrè rẹ̀ bi ọ́.