Ohun Tí Àwẹ̀ró Rí Lẹ́yìn Ara Rẹ̀

Gbogbo wa la máa ń wí i pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ti ọmọdé yé mi. Níwájú ni ìyá tó máa gbé e dìde wà. Ṣùgbọ́n kí ni àgbà ń wá lẹ́yìn? Àwọn kan ní ẹni tó tì í ni. Irọ́ ni, ẹnikẹ́ni ò tì í. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí àròyé tán.

Àwẹ̀ró ni ìyálé ní agbo ilé Arówólò. Ọṣẹ dúdú ló ń ṣe. Ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì dàgbà jù ú lọ. Bó bá ń dìde, ẹ ó máa gbọ́ tí wọ́n ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Wọn ì bá rí ìsinmi, bí kò ṣe ti Olóyèdé, baálé ilé. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé Àwẹ̀ró níyàwó ni wọ́n bí Olóyèdé. Ìrọ̀lẹ́ ni ìyàwó wọlé. Ẹni tí ìyàwó bá sì bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni. Bí Àwẹ̀ró ṣe kúnlẹ̀ kí ọmọ òòjọ́ nìyẹn, tó sì ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀ títí ọmọ náà fi hu irùngbọ̀n.

Ìyàwó ilé mọ́kànlá ló ń kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí wọ́n ṣe wọlé tẹ̀lé ara wọn, arúgbó ni gbogbo wọn. Nígbà tó yá, Àwẹ̀ró kò lè dìde kó má ṣubú mọ́. Á gbéra díẹ̀, á fì sọ́tùn-ún, á fì sósì, gbì!

Olóyèdé pe ìpàdé. Wọ́n ní ilẹ̀ ni kò tẹ́jú. Wọ́n tẹ́ ilẹ̀, ó ṣubú. Wọ́n ní òbúkọ ló ń wò ó lójú, wọ́n lé òbúkọ lọ sóko, ó ṣubú. Wọ́n ní òjìji igi orógbó ló ń dà á láàmú. Wọ́n gé orógbó tí baba ńlá wọn gbìn. Ó ṣubú lu kùkùté rẹ̀.

Olóyèdé ní, “Ìyàwó wa, ó tó gẹ́ẹ́. Bí o bá tún ṣubú lọ́la, inú yàrá la ó gbé ọ jókòó sí. O ò ní jáde mọ́.”

“Ọkọ mi, ta ni yóò máa ro ọṣẹ mi?”

“Àwọn ọmọ á rò ó.”

“Wọn á jó o.”

“Kó jó.”

Àwẹ̀ró sunkún. Ẹ̀rù yàrá yẹn bà á ju ikú lọ, nítorí ẹni tí wọ́n bá gbé jókòó síbẹ̀, wọn a máa gbàgbé rẹ̀ kó tó kú.

Ilẹ̀ mọ́. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó kí Olóyèdé, ó mí kanlẹ̀, ó gbéra. Gbì! Ó wo iwájú: kò sí òkúta, kò sí òbúkọ. Ló bá wo ẹ̀yìn. Àyọ̀ká, ìyàwó tó tẹ̀lé e, di etí ìró rẹ̀ mú gírígírí. Ẹni kẹta di ìró Àyọ̀ká mú, bẹ́ẹ̀ ló lọ títí dé ẹni kejìlá.

“Kí lẹ fẹ́ fi ìró mi ṣe?”

“Ìyálé wa, ẹ má bínú,” Àyọ̀ká dáhùn. “Orúnkún ń dùn wá. Ẹni iwájú la fi ń dìde.”

“Èmi tí n kò lẹ́ni níwájú ńkọ́?”

“A rò pé orúnkún tiyín le ni.”

Olóyèdé bú sẹ́rìn-ín, ó ní ìṣubú kúkú ni ìṣubú, kí wọ́n gbé e wọlé. Ó kẹ̀yìn sí wọn.

“Ó dáa, ọkọ mi,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dìde.” Ó nawọ́, ó di ṣòkòtò Olóyèdé mú. Àyọ̀ká di Àwẹ̀ró mú, àwọn tó kù di ara wọn mú, obìnrin méjìlá sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Gbì! Baálé ṣubú, òun nìkan ló kù nílẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ ti bọ́ dé ọrùn ẹsẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ kún fún iyẹ̀pẹ̀. Ó wo iwájú, kò rí nǹkan kan. Ó yí ọrùn padà, ó rí gbogbo wọn.

“Ẹ̀yin ìyá mi,” ó ní, kò sì pè wọ́n bẹ́ẹ̀ rí, “láti ọ̀la lọ, ẹ máa jókòó kí mi.”

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn, kó lè mọ iye ènìyàn tó ti ń fi òun dìde.