Ìgbákọ Lọ́rùn Àbíkẹ́yìn

Ẹ bá mi wo ọgbọ́n obìnrin yìí! Baálẹ̀ Òkè-Ọ̀sàn, tí ẹnikẹ́ni kì í wúkọ́ níwájú rẹ̀, gbọ́ pé Àwẹ̀ró opó ń tọ́ ọmọ mẹ́sàn-án láìpariwo, ó ní irọ́ ni. Ó pe Àwẹ̀ró, ó ní, "Ilé mi lo máa sùn lónìí. Bí a bá dé ilé rẹ láàárọ̀, tí ilẹ̀ kò mọ́, tí omi kò kún ìkòkò, tàbí tí ọmọ kan kò tíì wẹ̀, oko mi ni gbogbo wọn ń lọ." Àwẹ̀ró ní òun gbọ́, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun se oúnjẹ sílẹ̀. Ó se ẹ̀wà, ó kó ẹja sí i. Gbogbo ayé mọ̀ pé àkọ́bí ló ń kọ́kọ́ mú ẹja, àbíkẹ́yìn a mú èyí tó bá kù. Àwẹ̀ró yí i padà: ó so ìgbákọ mọ́ Mojírọ́lá, àbíkẹ́yìn tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká, lọ́rùn. "Ìwọ lo máa bu oúnjẹ lọ́la. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́, tí kò wẹ̀, má bu fún un." Nígbà tí Baálẹ̀ àti Àwẹ̀ró dé láàárọ̀, ilẹ̀ ń dán, omi kún dẹ́nu ìkòkò, àwọn ẹ̀gbọ́n gìrìpá tò sẹ́yìn ara wọn, wọ́n ń na èékánná sí ọmọ kékeré kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnu ya Baálẹ̀. Òórùn ẹ̀wà fà á, òun náà na ọwọ́. Mojírọ́lá gbé ìgbákọ sókè: "Baba, ẹ lọ ṣan ọwọ́ yín ná." Baálẹ̀ wẹ̀yìn wo Àwẹ̀ró kó gbà á sílẹ̀, àmọ́ Àwẹ̀ró ti bẹ̀rẹ̀ sídìí omi, ó ń ṣan tirẹ̀. Ni Baálẹ̀ bá ká apá agbádá, ó tò sẹ́yìn opó.