Àgbàdo Ìlú, Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Alága

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi fò, ó fò, kò bà lé igi, kò bà lé àpáta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀bọ ló bà lé.

Ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí ogun Ẹkùn àti Ìgalà parí, ebi nìkan ló kù nínú igbó. Ọ̀bọ ní, "Ẹ jẹ́ ká pe àlejò wá wo igbó wa. Ohun tí wọ́n bá mú wá, ti gbogbo ìlú ni." Ó sì fi ara rẹ̀ jẹ alága.

Àwọn Lékeléke dé láti òkè òkun. Wọ́n wo odò, wọ́n fi àgbàdo sílẹ̀. Wọ́n padà wá wo ìrókò, wọ́n tún fi àgbàdo sílẹ̀. Ìlú ò rí hóró kan. Ẹ gbè é:

Ta ló làgbàdo?
Ìlú ni!
Ta ló ń bá ìlú tọ́jú ẹ̀?
Alága ni!

Lẹ́ẹ̀kẹta, àlàáfíà ni àlejò fẹ́ wò. Ọ̀bọ gbé àwo òfìfo síwájú Ẹkùn àti Ìgalà: "Ẹ ṣe bí ẹni ń jẹun pọ̀." Wọ́n ń fọwọ́ ha àwo, ojú Ẹkùn sì ti ń yà sí itan Ìgalà.

Àmọ́ Ẹkùn lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Bí àlejò ṣe yọ, ó ní, "Ẹ wá jẹun o." Ọmọ ilé ì bá dáhùn pé, "Ó á gba ibi ire." Ọ̀kan nínú àwọn Lékeléke ò mọ̀, ó ki ẹnu bọ àwo, kò bá nǹkan kan.

"Kí lẹ ń jẹ?"

Ìgalà ní, "Ohun tẹ́ ẹ kó wá fún wa náà ni."

Gbogbo ojú yí sí alága. Ẹnu rẹ̀ kún fún àgbàdo.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀bọ fi wú dòní. Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá ní ìlú ti yó, ẹ ní kí alága yanu.