Àpò Kan Nínú Ṣòkòtò Olórí Àgbẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ olórí àwọn àgbẹ̀ kòkó ní ìlú rẹ̀. Má bi mí ní ìlú wo, Ládépọ̀, torí mo mọ ẹnu rẹ. Ọkùnrin náà sígbọnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ kì í béèrè gbohùngbohùn nípàdé, bó bá sì ti dìde báyìí, àwọn tó ń jà yóò jókòó. Kì í ṣe pé ó gbọ́n ju àwọn yòókù lọ ni wọ́n fi yàn án. Wọ́n yàn án torí pé kò sẹ́ni tó rí i kó rẹ̀ ẹ́ rí.

Àtọ̀gbẹ wá mú un. Ó kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ oko ló pọ̀ jù. Ó ń mu omi ṣáá, ó ń tọ̀ ṣáá, ara rẹ̀ sì ń gbẹ. Nígbà tó fi dé ọsibítù ńlá ní ìgboro, dókítà sọ fún un pé abẹ́rẹ́ ni yóò máa gbà títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó wà lókè òkun gbọ́, ó sì fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀rọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde lára rẹ̀, rọ́bà yìí ni oògùn ń gbà wọ abẹ́ awọ ikùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tọ̀sán tòru. Wọ́n kọ́ ọ ní ọsibítù bí wọ́n ṣe ń lò ó, bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ bó bá fẹ́ wẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń dá a padà. Láàárín àkókò díẹ̀ ara rẹ̀ mókun.

Ṣé o rò pé inú rẹ̀ dùn? Rárá o. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ní bí àwọn àgbẹ̀ bá rí nǹkan tó rọ̀ mọ́ òun níbàdí, wọ́n á ní ọ̀gá àwọn ti di aláìsàn, wọ́n á sì wá ẹlòmíràn. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un pé ẹ̀sín ni àtọ̀gbẹ? Ìyá tó bí mi lọ́mọ ní in, kò sì jí adìyẹ ẹnikẹ́ni.

Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ náà. Ó ní obìnrin yẹn á sunkún, ẹkún rẹ̀ á sì fo ògiri dé ilé kejì. Ó tún ní òun ò fẹ́ kó máa tọ́jú òun bí ẹyin. Nítorí náà, ó gba ilé aránṣọ kan lọ.

Obìnrin ni aránṣọ yìí, òfíntótó sì ni. Bí o bá gbé ìró lásán lọ bá a, yóò béèrè ibi tí o fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ, àti ẹni tí ó máa ṣọ́lé. Nígbà tí ọkùnrin náà ká bùbá sókè tó fi ẹ̀rọ hàn án, aránṣọ yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ń gbóná?"

"Kò gbóná."

"Ṣé ó ń dún?"

"Bí oògùn inú rẹ̀ bá fẹ́ tán, a máa ké."

"Ó ń ké! Báwo ló ṣe ń ké?"

"Bí òròmọdìyẹ. Ìyá télọ̀, ṣé wàá rán an ni àbí o ò ní rán an?"

"Màá rán an, sà. Ṣé ẹ ṣì máa ń dọ̀bálẹ̀ fún èèyàn?"

Ọkùnrin náà ronú díẹ̀. Ó ní òun ń dọ̀bálẹ̀ fún ọba, òun sì ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n òun.

"Ẹ sì ń gun ọ̀kadà lọ sóko. A jẹ́ pé kò gbọdọ̀ wà níwájú, ẹ ó dùbúlẹ̀ lé e. Kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn, ẹ ó jókòó lé e. Ẹ̀gbẹ́ ló máa wà."

Bó ṣe rán an nìyẹn. Ó dá àpò kan sínú ìbàdí ṣòkòtò, ó fi aṣọ tó ká lé e bo ẹnu rẹ̀, ó sì ṣí ojú kékeré kan bí ojú bọ́tìnnì sí i kí rọ́bà lè gbabẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ló wá ro ti òógùn oko. Ó lọ bá aránbàtà, ó gba awọ dúdú kan tó rọ̀, ó fi wọ inú àpò náà, ó sì fi òwú nínípọn rán an yíká. Ọkùnrin náà wọ ṣòkòtò, ó dúró níwájú dígí, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Ó tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ohun tó yọ síta. Ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí àìsàn ti dé.

Bó ṣe ń lọ, aránṣọ bi í pé, "Bàbá, ta ló tún mọ̀?"

"Èmi àti ìwọ."

"Ìyá ilé ńkọ́?"

"Aṣọ ni mo ní kí o rán."

Aránṣọ padà sídìí máṣíìnì rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fún mi, ó sì ní nínú gbogbo ìbéèrè tí òun ti béèrè láyé, ìyẹn nìkan ni òun fi sílẹ̀ kó lọ.

Mi ò bá aṣọ náà jà o. Aṣọ la fi ń bora, kí Ọlọ́run má tú wa láṣọ. Jẹ́ n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ìyàwó ọkùnrin yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Ara ti ń fu ú. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá sún mọ́ ìbàdí ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ọkùnrin náà a ta gìrì bí ẹni tí ìjàlọ gé jẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló tún ń fọ ṣòkòtò rẹ̀. Ro ó wò: ọkùnrin tí kò fọ ańkáṣíìfù látọjọ́ tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, òun ló wá ń fọ ṣòkòtò ní kọ̀rọ̀. Kí ni ìwọ ì bá rò?

Ẹ̀ẹ́n, o ò jẹ́ sọ ọ́. Obìnrin mìíràn ni. Ohun tí ìyàwó náà rò nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ọkọ wọ balùwẹ̀. Ó ti yọ rọ́bà kúrò lára gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì fi ṣòkòtò kọ́ ara ìṣó nínú yàrá, tòun ti ẹ̀rọ nínú àpò. Ìyàwó ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Ló bá gbọ́ "pí, pí, pí." Ó rò pé òròmọdìyẹ ló wọlé. Ó bẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò, kò sí nǹkan kan. Ó yẹ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wò. "Pí, pí, pí." Ó gbójú sókè, ó sì rí i pé ṣòkòtò ló ń ké.

Kàyéfì! Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ̀. Ta ni kò ní í fẹ́ mọ̀? Ó rọra yí ìbàdí ṣòkòtò síta, ló bá rí awọ dúdú, tí wọ́n fi òwú nínípọn rán yíká, tí nǹkan líle wà nínú rẹ̀, tí okùn kan sì yọ jáde. Ládépọ̀, ọmọ Yorùbá ni ọ́. Kí ni wọ́n ń pè é?

O wí i. Oǹdè, oògùn tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí. Oǹdè tó ń ké!

Kò pariwo. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà kan rí pé omi iyọ̀ a máa ba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ó bu omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó da iyọ̀ sí i, ó fi igi ìgbálẹ̀ gbé ṣòkòtò, ó tì í wọ inú omi, ó sì sá sẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà ké díẹ̀ sí i, ó dákẹ́. Obìnrin náà ní, "Olúwa, mo dúpẹ́."

Ọkọ jáde láti balùwẹ̀, ó rí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Bàbá Àjíbíkẹ́, ta ló fún yín ní nǹkan yẹn?"

Ibí yìí gan-an ló máa ń dùn mí jù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni obìnrin yẹn ń fẹ́ gbọ́. Bí ọkùnrin náà bá ní, "Oògùn àtọ̀gbẹ mi ni," ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìtìjú ò jẹ́ kó sọ ọ́. Ó ní, "Má dá sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin." Ó wọ aṣọ mìíràn, ó bọ́ síta. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé tó bá di ọjọ́ Ajé òun á lọ wá abẹ́rẹ́ rà ní ìgboro. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe nìyẹn: ó fi ikú sílẹ̀, ó ń sá fún ojú.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, òùngbẹ ti mú un débi pé ó ń gbé kẹ́tù omi kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó ń bì, ó ń mí helehele. Ìyàwó bi í, ó ní ibà ni. Nígbà tí ìyàwó tún pè é, kò dáhùn mọ́.

Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tó wà nítòsí. Nọ́ọ̀sì bi ìyàwó pé, "Ìyá, àìsàn wo ni wọ́n ní tẹ́lẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ríru? Àtọ̀gbẹ?"

Obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. "Ọkọ mi? Ó tì o! Orí fífọ́ gan-an kì í ṣe é. Bó bá ní àtọ̀gbẹ, ṣé èmi tí mò ń bá a sùn ni mi ò ní í mọ̀?"

Ó fi gbogbo ọkàn rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n ní ibà líle ni, wọ́n sì fa omi sí i lára, omi tó ní ṣúgà nínú. Obìnrin náà di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ń wo omi náà bó ṣe ń kán wọ ara rẹ̀, ó sì ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni."

Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ aránṣọ pé olórí àgbẹ̀ ṣubú. Ó sáré dé pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ wọn dà?"

Ìyàwó ní, "Ẹ̀rọ wo?"

"Èyí tó ń fún wọn ní oògùn àtọ̀gbẹ. Inú ṣòkòtò ni mo rán an sí."

Nọ́ọ̀sì kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó pa omi náà, ó fi abẹ́rẹ́ gún ọkùnrin náà níka, ó wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì figbe ta. Wọ́n gbé e sínú mọ́tò, ó di ọsibítù ńlá. Orí bá a ṣe é, kò kú. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó mọ ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀.

Gbogbo àsìkò yẹn, orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ jókòó sí. Àwọn èèyàn rò pé ti omi iyọ̀ ló ń dùn ún, wọ́n ń pàrọwà fún un pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kì í ṣe ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ló ń wí: "Aránṣọ mọ̀. Èmi tí mo bímọ fún un, mi ò mọ̀. Aránṣọ mọ̀." Nígbà tí ọkọ lajú, ó fi aṣọ tútù nù ún lẹ́nu, ó ní, "Bàbá Àjíbíkẹ́, kí ni mo fi ṣe yín?" Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ kì í béèrè gbohùngbohùn yìí bú sẹ́kún.

O fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn àgbẹ̀ gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀? Wọ́n wá kí i ní ọsibítù. Àwọn kan nínú wọn dúró lẹ́yìn àwọn yòókù, wọ́n ń béèrè bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí pé àtọ̀gbẹ wà nílé tiwọn náà. Ìtìjú tó fẹ́ pa á, kò sí ẹnikẹ́ni tó dì í sọ́wọ́ dè é.

Nígbà tí ẹ̀rọ mìíràn dé, ìyàwó fúnra rẹ̀ ló kó gbogbo ṣòkòtò ọkọ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ. Wọ́n tú awọ dúdú yẹn kúrò, wọ́n fi aṣọ funfun sí i. Ìyàwó jókòó ti máṣíìnì, ó ń ṣí àpò náà, ó ń pa á dé, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n láìwò.

Ládépọ̀, mo ti sọ tiwọn. Ó kan tìẹ. O ní lọ́jọ́ Ajé dókítà máa so ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn mọ́ ọ láyà. O ní kí n fi ilé aránṣọ tó mọ irú iṣẹ́ yẹn hàn ọ́, kí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ má baà rí i. Kò burú. Kò kàn wọ́n. Kò sẹ́ni tó ní kí o tú àyà sílẹ̀ láàárín ọjà.

Ṣùgbọ́n bá mi kà á. Dókítà ló kọ́kọ́ mọ̀. Èmi ni mo tẹ̀ lé e. O fẹ́ kí aránṣọ ṣe ìkẹta. Ìyàwó rẹ, ìkelòó ni?

Má wolẹ̀. Èmi ni kí o wò.

Dìde, máa lọ sílé. Mo mọ ilé aránṣọ yẹn bí ẹni mowó, ṣùgbọ́n mi ò ní í fi hàn ọ́. Ọjọ́ tí ìyàwó rẹ bá wá bi mí, òun ni màá fi hàn.