Bẹ́ẹ̀dì Onírin Tó Wà Lábẹ́ Fóòmù Wúràọlá

Ọkùnrin kan wà ní Agbọ́nlé tí ó ń jẹ́ Ajíbóyè. Ẹní ni ó ń hun, kò sì sí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láti Agbọ́nlé títí dé Ìdàpọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìṣe kan tí ó máa ń pa àwọn oníbàárà rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Bí o bá wá ra ẹní lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní kọ́kọ́ bi ọ́ bí o ti fẹ́ kí ó fẹ̀ tó. Ohun tí yóò kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé, "Ilẹ̀ wo lẹ fẹ́ tẹ́ ẹ sí?" Bí o bá ní ilẹ̀ yàrá rẹ ni, yóò tún fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà tẹ́jú, àti bóyá omi máa ń sun níbẹ̀ lásìkò òjò.

Ìgbà kan tiẹ̀ wà tí ẹnìkan fi ìbínú gbé ẹní padà wá, ó ní ó ń gún òun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ajíbóyè kò wo ẹní náà rárá. Ó bá ọkùnrin náà lọ sílé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀ yàrá rẹ̀ láti igun dé igun, ó sì yọ ekùrọ́ kan tí ó ti rì mọ́ amọ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ajíbóyè Awolẹ̀. Orúkọ náà kò bí i nínú.

Ajíbóyè ní ọmọbìnrin kan, Wúràọlá, tí Láoyè, ọmọ Ìdàpọ̀, wá fẹ́. Ìdàpọ̀ kò jìnnà; ẹni tí ó bá jí rìn ní òwúrọ̀ yóò dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Àgbẹ̀ paraku ni Láoyè. Ó lè kọ igba ebè kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni gbogbo ọrọ̀ tí ó ní.

Àṣà kan wà ní àgbègbè yìí nípa ibùsùn ìyàwó. Ilé ìyàwó ni yóò pèsè ohun tí tọkọtaya yóò sùn lé. Ilé ọkọ ni yóò pèsè ohun tí wọn yóò tẹ́ ẹ lé. Ẹnì kìíní kì í yọjú sí ti ẹnì kejì, nítorí ẹni tí ó bá ń bi àna rẹ̀ léèrè bí ilé rẹ̀ ti rí, bí ẹni ń pè é ní òtòṣì ni. Bí ilé ọkọ bá sì fi lè ru ibùsùn ìyàwó padà sí ilé bàbá rẹ̀, ìyàwó náà ti padà nìyẹn. Kò tún sí ìpàdé ẹbí kankan lórí rẹ̀.

Ìgbà náà ni fóòmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ìgbèríko. Ìyá Wúràọlá ní ọmọ òun kò ní gbé ẹní lọ sílé ọkọ, kí ayé má baà sọ pé èyí tí bàbá rẹ̀ hun tí kò rí tà ni ó dì fún un. Ọ̀rọ̀ náà dun Ajíbóyè díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni ó fi bò ó. Obìnrin náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, wọ́n sì bá a ra fóòmù kan tí ó nípọn, tí aṣọ rẹ̀ jẹ́ olódòdó, tí ó jẹ́ pé bí o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, yóò rọra gbé ìka rẹ padà fún ọ. Nígbà tí wọ́n ń dì í, ìbéèrè àtijọ́ náà wá sí Ajíbóyè lẹ́nu. Ó gbé e mì. Ó rántí pé àna ni wọ́n, ó sì rò ó pé ohun tí ó nípọn tó báyìí, kí ni ilẹ̀ fẹ́ fi í ṣe?

Ní Ìdàpọ̀, Àwẹ̀ró, ìyá Láoyè, ti múra tirẹ̀ sílẹ̀. Opó ni. Ohun tí ó fẹ́ràn jù nínú ilé rẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì onírin tí ọkọ rẹ̀ rà, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Ìdàpọ̀, tí gbogbo àdúgbò rọ́ wá wò lọ́jọ́ tí ó dé. Orí rẹ̀ ni ọkọ náà ti ṣàìsàn, orí rẹ̀ náà ni ó sì kú sí. Láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni kò ti sùn lé e mọ́. Nígbà tí ìyàwó ń bọ̀, Àwẹ̀ró fi epo pa irin bẹ́ẹ̀dì náà títí ó fi ń dán, ó kó kúrò nínú yàrá rẹ̀ fún àwọn ọmọ, ó sì lọ tẹ́ ẹní sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá kejì. Àwọ̀n wáyà tí ó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì náà ti rọ̀ tipẹ́tipẹ́. Okùn ni ó fi so ó níbi mẹ́ta. Ojú ìfẹ́ ni ó fi ń wò ó, kò rí i mọ́ pé ó ti jìn. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ́ fóòmù olódòdó lé e, ó lẹ́wà débi pé omi bọ́ lójú Àwẹ̀ró.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dun Láoyè. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, yóò di irin mú kí ó tó lè nàró. Igba ebè di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún di ogójì. Ẹ̀yìn Wúràọlá náà ń dùn ún, nítorí ibi yòówù tí àwọn méjèèjì bá dùbúlẹ̀ sí, àárín ni wọn yóò ti bá ara wọn, bí ọsàn méjì nínú igbá. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́. Ohun tí ìyá rẹ̀ fi gbogbo ara wá fún un ni, báwo ni yóò ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ bú u? Wọ́n sá fóòmù sóòrùn. Wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, wọ́n gbé orí rẹ̀ sí ìdí ẹsẹ̀. Pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. Láoyè ìbá sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ tí ó bá fi ibùsùn ìyàwó tuntun sílẹ̀ kí ọdún tó yí po, ayé yóò ní ó ti kọ̀ ọ́. Ó fẹ́ràn aya rẹ̀, ó sì ń fara dà á.

Ẹ má rò pé ènìyàn burúkú ni Àwẹ̀ró. Ohun tí ó ń rí lára Láoyè, ó ti rí i rí. Bí ti bàbá rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹ̀yìn kọ́kọ́ ń dùn ún, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ bí ìwọ̀, ó di ẹni tí ń fi igi tilẹ̀, ó sì lọ. Láoyè nìkan ni ọmọ tí ó kù fún un. Ó wo inú ilé yíká, ó ń wá ohun tí ó yí padà, kò sì rí ohun mìíràn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ju fóòmù àti ẹni tí ó gbé e wá. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ronú jìnnà. Kò wá sí i lọ́kàn pé ọkọ òun kò fi ojú kan fóòmù rí títí ó fi kú.

Ó pe Wúràọlá jókòó. Ó ní, "Ìyàwó, ìwọ kọ́ ni mo kórìíra. Ṣùgbọ́n ohun tí o gbé wá yìí ń pa ọmọ mi lọ. Lọ́la ni a ó gbé e padà fún ìyá rẹ."

Wúràọlá kúnlẹ̀. "Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá gbé e padà, èmi náà ni ẹ gbé padà yẹn?"

Àwẹ̀ró mọ̀. Láoyè bẹ ìyá rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há, ṣùgbọ́n obìnrin náà ní bàbá rẹ̀ náà bẹ òun pé kí òun má ṣe yọ ara òun lẹ́nu, òun gbà fún un, ibi tí ó sì já sí ni òun wà yìí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Wúràọlá fúnra rẹ̀ ni ó ru fóòmù náà, nítorí ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ kò gbà á. Àwẹ̀ró ń lọ níwájú, Láoyè ń fi igi tilẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Gbogbo ẹni tí ó pàdé wọn lọ́nà ni ó mọ ohun tí ẹrù náà ń wí. Wọ́n ń kí wọn, wọn kò sì lè wo Wúràọlá lójú.

Bí ìyá Wúràọlá ti rí òdòdó ara aṣọ náà láti òkèèrè, ilẹ̀ ni ó jókòó sí. Ajíbóyè ní tirẹ̀ dìde, ó kí àna, ó bu omi fún wọn, ó sì jẹ́ kí Àwẹ̀ró rò tẹnu rẹ̀ tán láìdá a lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ẹni tí ó bá gbé ẹní padà wá, a kì í bá a jà. Láoyè, jẹ́ kí wọ́n tẹ́ ẹ síbí, kí o dùbúlẹ̀ lé e, kí o fi ibi tí ó ń dùn ọ́ hàn mí."

Ilẹ̀ tí ó ti ń hun ẹní ni ó nawọ́ sí, ilẹ̀ tí ó ti ń lù tí ó sì ń pa láti ìgbà èwe rẹ̀, tí kò ní gegele, tí kò ní kòtò. Wọ́n tẹ́ fóòmù, Láoyè sì dùbúlẹ̀ gbọọrọ.

"Bàbá, ibí yìí ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀," ni Láoyè wí, "tí yóò wá máa..."

Kò parí rẹ̀. Oorun ti gbé e lọ.

Àwẹ̀ró fẹ́ jí i, Ajíbóyè sì mi orí fún un pé kí ó fi í sílẹ̀. Gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń wo ọkùnrin tí ó ń sùn. Wúràọlá ń lé eṣinṣin kúrò lójú rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ìgbà ìkẹyìn tí òun yóò ṣe bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Oòrùn kúrò ní àtàrí, ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òrùlé. Àwẹ̀ró kò gbé ojú kúrò lára ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, kò rí i kí ó nà tó báyìí.

Nígbà tí Láoyè jí, ó dìde lẹ́ẹ̀kan náà, kò di ohunkóhun mú. Ó bẹ̀rẹ̀ mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó nàró. Ìgbà yẹn ni òun fúnra rẹ̀ tó mọ ohun tí òun ṣe, ó sì dúró jẹ́ẹ́ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.

Ajíbóyè yíjú sí Àwẹ̀ró. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni ó fi bi í léèrè. "Ìyá wa, ilẹ̀ wo lẹ tẹ́ ẹ sí?"

Ẹnikẹ́ni kò fi ìbéèrè náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

"Bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀ ni," ni Àwẹ̀ró wí. Bí ó ti sọ ọ́ tán ni ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá rẹ̀ fi ń tẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Bí wáyà bá ti já, èmi ni mo máa ń fi okùn so ó. Bàbá Wúràọlá, èmi ni mò ń so ó."

Àánú rẹ̀ ṣe gbogbo wọn. Ajíbóyè kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní ohun tí ó mú olóògbé lọ, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ru ẹrù ikú lé ara rẹ̀ lórí. Ó ní, "Ẹ̀bi tí mo mọ̀ ni tèmi. Gbogbo ayé ni mò ń bi léèrè ilẹ̀. Ó wá kan ọmọ tèmi, ojú àna tì mí, mo sì panu mọ́."

Ní ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró mú Wúràọlá àti fóòmù rẹ̀ padà sílé, Ajíbóyè sì bá wọn lọ sí Ìdàpọ̀. Ó na ọ̀pá tí ó gún kan lé bẹ́ẹ̀dì náà láti irin ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Odidi igbá ìmumi ni ó lè jókòó sábẹ́ ọ̀pá náà láàárín. Ẹnìkan ní kí wọ́n kúkú tẹ́ fóòmù sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ajíbóyè ní ilẹ̀ yàrá máa ń làágùn lásìkò òjò, òun sì ti rí ẹní tí ó jẹrà láti abẹ́ wá nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Pákó mẹ́rìnlá ni wọ́n là, wọ́n fi wọ́n dábùú bẹ́ẹ̀dì náà láti irin dé irin. Àlàfo ìka méjì péré ni wọ́n fi sáàárín wọn, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá kí fóòmù má sì rì síbẹ̀. Wọ́n wá fi ẹsẹ̀ igi kan gbé àárín wọn ró nísàlẹ̀. Kí wọ́n tó tò wọ́n, Àwẹ̀ró ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kúnlẹ̀ tú wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Irin tí ó ń dán náà wà níbẹ̀ síbẹ̀, bí ọkọ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yìn Láoyè kò dá lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ó dá. Kí iṣu tuntun tó jáde, ó ti padà sí igba ebè rẹ̀. Ajíbóyè sì rí ohun tí yóò máa fi fín ìyàwó rẹ̀ níràn: ó ní fóòmù tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ẹní òun sílẹ̀, ẹní náà ni, ó kàn sanra ni.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ìjà ṣẹlẹ̀ ní agbo ilé kejì sí ti Àwẹ̀ró. Wọ́n ní láti ìgbà tí ìyàwó kan ti wọlé ni ọkọ rẹ̀ ti ń rù, wọ́n sì ti ń di ẹrù ọmọbìnrin náà. Àwẹ̀ró gba ẹnu ọ̀nà wọlé láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó gba ẹrù náà lọ́wọ́ wọn, ó gbé e kalẹ̀, ó jókòó lé e. Ó ní kò sí ẹni tí yóò ru ú kí òun tó gbọ́ ohun tí ó ti wà nílẹ̀ kí ọmọ náà tó dé. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ fún wọn lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà Ìdàpọ̀ àti ti Agbọ́nlé gbà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n fi ń pòwe títí dòní pé: Ká tó dá ẹní lẹ́bi, ká ká a, ká wo ilẹ̀ ná.