Obìnrin Tí Wọ́n Dúró Dè

Obìnrin kan wà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró dè lórí òkè mẹ́fà ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tí wọn kò sì jẹ́ kó sinmi lórí ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Kò sí ẹni tó lù ú, kò sí ẹni tó já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dúró dè é ni. Mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí títí di òní olónìí, àwọn tó ṣe é ṣì ń pe ara wọn ní aláàánú.

Télọ̀ ni obìnrin náà. Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìlọta, jẹnẹréétọ̀ ń ké níwájú, jẹnẹréétọ̀ ń ké lẹ́yìn, òun sì tẹ̀ sórí ẹ̀rọ títí ọrùn rẹ̀ fi le bí igi. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló lè ti ṣọ́ọ̀bù náà nínú ọdún.

Ó gbọ́ nípa ilẹ̀ olókè kan tí adágún ńlá wà láàárín rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sé odò ibẹ̀ tí omi sì kún, wọ́n la ọ̀nà tuntun fún mọ́tò gba ẹ̀yìn òkè, ọ̀nà àtijọ́ tó yí adágún ká wá di ti oníkẹ̀kẹ́ nìkan. Mọ́tò kì í dé ibẹ̀, ọ̀kadà kì í dé ibẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ gbin àjàrà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, wọ́n sì fi òkúta mọ ògiri kúkúrú sí ìdí rẹ̀ kí òjò má baà gbá ilẹ̀ lọ. Wọ́n ní tí èèyàn bá dákẹ́ níbẹ̀, á máa gbọ́ ìró ẹja tó ń fò nínú omi.

Télọ̀ ní, "Ibi tí mo fẹ́ jókòó sí nìyẹn."

Jókòó ló sọ. Kò sọ pé òun fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sáré.

Mẹ́rin ni wọ́n tó jọ lọ: ọ̀gá ilé-ìwé kan, tó jẹ́ olórí wọn, nọ́ọ̀sì kan, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, àti télọ̀. Kẹ̀kẹ́ àwọn mẹ́ta tuntun, ó fúyẹ́, ó ní jíà, èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé e. Èyí tí bàbá télọ̀ fi ń lọ sóko ni télọ̀ gbé wá. Irin lásán ni, kò ní jíà kankan, ṣùgbọ́n kárià gbòòrò wà lẹ́yìn rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ àwọn yòókù kò ní kárià. Nítorí náà wọ́n gbé kúlà tí oúnjẹ gbogbo wọn wà nínú rẹ̀, wọ́n fi rọ́bà dì í mọ́ kárià télọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Kẹ̀kẹ́ tó wúwo jù lọ ni wọ́n di ẹrù lé. "Ó dáa tí o gbé kárià wá, Télọ̀," ni ọ̀gá ilé-ìwé wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, télọ̀ náà rẹ́rìn-ín.

Òkè méje ló wà lọ́nà ọjọ́ kìíní. Àwọn mẹ́ta tètè gun òkè àkọ́kọ́. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri òkúta, wọ́n mu omi, wọ́n nu òógùn, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, télọ̀ yọ, ó ń fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ bọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ó ti dé! Gbogbo wa ti pé," ni ọ̀gá ilé-ìwé wí. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Télọ̀ kò tíì ṣí ike omi rẹ̀ tí wọ́n fi lọ.

Lórí òkè kejì, òṣìṣẹ́ báǹkì rí i lókèèrè, ó pariwo pé, "Àǹtí Télọ̀! Ṣé ẹ dúró wọn aṣọ fún ẹnì kan lọ́nà ni?"

"Òkè yìí ni mò ń wọ̀n," ni télọ̀ dáhùn. "Ó fi díẹ̀ gùn ju ẹnu rẹ lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa, wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́ wọn. Télọ̀ bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gba èémí tó kù lára rẹ̀.

Lórí òkè kẹta, nọ́ọ̀sì wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó mí ná."

"Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló kàn," ni ọ̀gá ilé-ìwé wí. "Á mí nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀."

"Òótọ́ ni," ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì lọ.

Nọ́ọ̀sì yìí ló ń bí mi nínú jù lọ. Àwọn méjì yòókù kò wo obìnrin náà rárá. Òun wò ó, ó rí i, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti rí i. Ẹnikẹ́ni tó bá ti di kúlà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ rí mọ̀ pé kò sí ìsinmi nínú sísọ̀kalẹ̀. Bíréèkì ni èèyàn ń fà títí ìka yóò fi kú.

Orí òkè kẹrin ni gbogbo adágún ti hàn. Lékeléke ń fò lójú omi, ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo wà láàárín, kò sí ìró kankan. Ọkùnrin tó ni ọgbà àjàrà ibẹ̀ gé ìdì àjàrà kan fún àwọn mẹ́ta. Wọ́n jókòó lórí ògiri, wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n ń wo omi. Nígbà tí télọ̀ dé, igi ìdì àjàrà náà nìkan ló kù lórí ògiri, àwọn sì ti wà lórí kẹ̀kẹ́. Àwọn rí adágún. Òun rí ẹ̀yìn wọn. Bákan náà ló rí lórí òkè karùn-ún.

Lórí òkè kẹfà, ọ̀gá ilé-ìwé na aago ọwọ́ rẹ̀ sí i.

"Télọ̀, o ń dá wa dúró o. Ogún ìṣẹ́jú la tún fi dúró dè ẹ́ níbí. Sùúrù tí a ṣe fún ẹ ti tó."

Télọ̀ wò wọ́n. Òógùn ti gbẹ lára wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti sinmi?"

"A ti sinmi dáadáa. Ìwọ la ń dúró dè."

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ bíi ti báwo? Ìwọ tí gbogbo wa dúró dè láti àárọ̀!"

"Ẹ kò dúró dè mí," ni télọ̀ wí. "Ẹ sinmi ni, ẹ wá fi orúkọ mi sí i. Wákàtí méjì lẹ ti fi sinmi lórí òkè mẹ́fà. Mi ò tíì sinmi ìṣẹ́jú kan, èmi tí mo gbé oúnjẹ yín."

"Ṣé ká wá sùn síbí nítorí tìẹ?" ni ọ̀gá ilé-ìwé bi í.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ má rò pé kẹ̀kẹ́ ni mò ń sọ. Nínú ìpàdé ẹbí yín, ta ló se oúnjẹ? Ó bu fún gbogbo yín, ó gbé omi ìfọwọ́ wá, ó tún padà lọ bu fún àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Nígbà tó wá jókòó ti abọ́ tirẹ̀, ẹ̀yin ti yó, ọ̀kan nínú yín sì wúkọ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dìde fún àdúrà ìparí." Ìyàwó ilé dìde pẹ̀lú òkèlè lọ́wọ́, ẹ sì ṣe àmín. Níbi iṣẹ́ yín, ẹ ní kí àwọn tó ń gbálẹ̀ kọ́kọ́ lọ parí iṣẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dé ìpàdé, ẹ ní, "Ẹ̀yin la ti ń dúró dè," ẹ sì ní kí wọ́n nawọ́ sókè sí ọ̀rọ̀ tí ẹ ti jọ sọ tán.

Ẹ má pe ìyẹn ní àánú níwájú mi. Ìsinmi kì í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin bá jókòó. Ìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá jókòó ló ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ṣe dáadáa, ẹ lọ bi ẹni tó dé kẹ́yìn, kí ẹ sì jẹ́ kó mí tán kó tó dáhùn.

Ní ti télọ̀, kò bá wọn jà. Ó tú rọ́bà, ó gbé kúlà kalẹ̀ sáàárín ọ̀nà. Ó mú búrẹ́dì kan àti móínmóín kan.

"Tèmi nìyí," ló wí. "Ẹ máa gbé tiyín lọ."

"Àǹtí, a ò mà ní kárià," ni òṣìṣẹ́ báǹkì wí.

"Mo mọ̀."

"Tí a bá lọ, ìwọ nìkan lo máa kù síbí o," ni ọ̀gá ilé-ìwé wí.

"Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní ṣìnà."

Ó bọ́ bàtà. Ó jókòó sórí ògiri òkúta, ó kọ ẹ̀yìn sí àjàrà, ó kọjú sí omi. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lórí kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, wọ́n ń retí kó dìde. Kò wò wọ́n. Ó bu búrẹ́dì rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.