Ewé Tí Rúkèrúdò Jù Sómi

Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ mọ omi nítorí pé ẹ ń mu ún. Ọdẹ́yalé, ọdẹ ọmọ ọdẹ, fẹ́ gbé Ìbídùnní níyàwó. Ìyàwó ìlú wọn kì í fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ọkọ. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń sìn ín gba orí odò. Odò yìí kan náà ló sì gbé ẹ̀gbọ́n Ìbídùnní mì. Bàbá Ìbídùnní ní òun kò ní fi ọmọ fún Ọdẹ́yalé títí yóò fi mọ ibi tí omi kò ti ní yí ọkọ̀ ìyàwó dànù. Ni Ọdẹ́yalé bá wọ igbó iwin lọ wádìí, níbi tí odò náà ti ń já láti orí àpáta.

Ẹ wo àwọn iwin tó bá níbẹ̀! Akẹ́kọ̀ọ́ omi ni wọ́n pe ara wọn. Irùngbọ̀n wọn ti hu koríko, ewé kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń wò láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Oníkálukú fi ẹfun kọ ìṣirò ọ̀nà tí ewé yóò gbà lórí omi sára àpáta, ó ń pe ẹnìkejì ní òpè. Rúkèrúdò olórí méjì, ọ̀gá wọn, ń yínmú sí wọn.

Ó ju ewé kan sómi, ó kọjú sí Ọdẹ́yalé. “Ìwọ olóòórùn ẹ̀tù yìí, ọ̀nà wo ni yóò gbà?”

“Ọ̀tún!” “Òsì!” Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti figbe ta. Ewé náà wọ inú ìfófòó, ó pòyì, ó sọ gbogbo wọn di òpùrọ́.

Ọdẹ́yalé pòṣé. “N kò mọ̀. Àwọn wọ̀nyí náà kò mọ̀, ariwo ni wọ́n fi ń bò ó.”

Ó rántí bí òun ṣe ń mọ ojú ọ̀nà ẹran: koríko tí ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ti tẹ̀ ni òun ń wò. Ó já ewé kún àpò, ó dà á sómi, ó tún dà á. Púpọ̀ ń pòyì lẹ́yìn àpáta. Àwọn tó gba etí bèbè ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Rúkèrúdò fi ẹnu kan rẹ́rìn-ín, ó fi èkejì tutọ́. “O kò gọ̀ tó bí mo ṣe rò. Ṣùgbọ́n èwo nínú ewé wọ̀nyí ni ìyàwó rẹ?”

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọdẹ́yalé wọra.

Ó padà sílé, ó da ewé sí ibi tí ọkọ̀ ìyàwó ń gbà bákan náà. “Bàbá, etí bèbè ni kí ọkọ̀ gbà. Ọ̀pọ̀ ewé ń là á já níbẹ̀. Ní ti ẹyọ kan, n kò lè búra.”

Bàbá fèsì: “Ẹni tó wa ẹ̀gbọ́n Ìbídùnní lọ sínú omi ti búra fún mi. Ìwọ kò búra; mú ọmọ mi lọ.”

“Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ wa ọkọ̀ mi,” ni Ìbídùnní wí fún Ọdẹ́yalé.

Ó wà á. Ọkọ̀ náà kọjú sí àpáta kan láàárín odò lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún padà sétí bèbè. Wọ́n gúnlẹ̀.

Nítorí náà, bí ọ̀mọ̀ràn kan bá búra fún yín pé òun mọ ibi tí ewé kan yóò já sí, ẹ ní kó wá jókòó sínú ọkọ̀. Ẹ máa lọ sílé, ilẹ̀ ti ṣú.